Ta Ló Gbà Á Síṣẹ́? Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Òfin Tó Ń Mú Ẹ̀ṣọ́ Aládàáni Tó Pa Aráàlú

Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, bí ẹ̀ṣọ́ aládàáni bá pa aráàlú nílẹ̀ tí ogun wà, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni ẹjọ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́.

Ní 1957, nínú ẹjọ́ Reid v. Covert, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n má ṣe fa ìyàwó sójà tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn lọ síwájú ilé-ẹjọ́ ológun, torí pé kì í ṣe ológun. Ìdájọ́ náà dára, àmọ́ ó ṣí ihò sílẹ̀: ilé-ẹjọ́ abẹ́lé kò lágbára lórí ọ̀pọ̀ ọ̀ràn tí wọ́n bá dá lókè òkun. Ọdún 2000 ni òfin MEJA (òfin tó jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ abẹ́lé Amẹ́ríkà lè gbọ́ ẹjọ́ irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀) dé, èyí tó mú ẹ̀ṣẹ̀ tó bá lè gbé èèyàn sẹ́wọ̀n ju ọdún kan lọ. Àwọn tí iléeṣẹ́ ètò ààbò gbà, tàbí tó bá ológun rìn, nìkan ló kàn. Lẹ́yìn tí àṣírí ìyà àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní Abu Ghraib, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí Amẹ́ríkà ń ṣàkóso ní Iraq, tú ní 2004, wọ́n lẹ àbùlẹ̀ mọ́ ọn: ó mú agbaṣẹ́ṣe iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn náà, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ń ti iṣẹ́ iléeṣẹ́ ètò ààbò lẹ́yìn.

Ní Iraq, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ náà pa. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà 2004, nígbà tó ku ọ̀la kí Paul Bremer, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣàkóso Iraq nígbà náà, gbé ìjọba fún àwọn ará Iraq, ó fọwọ́ sí àtúnṣe Àṣẹ Kẹtàdínlógún: wọn kò gbọdọ̀ pe agbaṣẹ́ṣe lẹ́jọ́ lórí ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́ àdéhùn rẹ̀.

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án 2007 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ Blackwater, iléeṣẹ́ ààbò aládàáni ti Amẹ́ríkà, yìnbọn ní gbàgede Nisour ní Baghdad. Aráàlú 17 kú. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ló gbà wọ́n, kì í ṣe iléeṣẹ́ ètò ààbò, ibẹ̀ sì ni agbẹjọ́rò wọn dúró sí. Àwọn olùpẹ̀jọ́ ní láti fi hàn pé ààbò tí wọ́n pèsè ń jẹ́ kí sójà ráyè jagun.

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹjọ́ náà yàtọ̀ sí èyí. Kété lẹ́yìn ìpànìyàn náà, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti gba àlàyé lẹ́nu àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, wọ́n sì ṣèlérí pé kò ní di ẹ̀rí ní kóòtù. Ẹ̀rí tó bá ti ara irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ti bàjẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ afurasí lè ba gbogbo ìwádìí jẹ́ láìmọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2009, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn jí i ní 2011, wọ́n dá mẹ́rin nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà lẹ́bi ní 2014, Ààrẹ Trump sì dárí jì wọ́n ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 2020. Ó dun ni gidigidi fún àwọn ìdílé tó rìnrìn àjò láti Baghdad wá jẹ́rìí.

Ní oṣù Kẹwàá 2007, ilé aṣojú-ṣòfin ti dìbò 389 sí 30 láti mú gbogbo agbaṣẹ́ṣe tó wà nílẹ̀ ogun, ẹnikẹ́ni tí ì báà gbà á. Àbá náà kò di òfin.