Orúkọ kan náà kọ́ ló ń gbé sẹ́tìnsì yín lọ sórí dóménì tuntun o

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan ká sinmi. Tí mo bá ti gbọ́ pé ọ́fíìsì kan l'Adó fẹ́ kó kọ̀ǹpútà wọn kúrò lórí dóménì àtijọ́ bọ́ sórí tuntun (dóménì ni agbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí kọ̀ǹpútà àgbà kan, ìyẹn sáfà, ń ṣe olórí fún, òun ló ń mọ ẹni tó lè wọlé), mo ti mọ gbólóhùn tó ń bọ̀: "Ẹ ṣáà jẹ́ kí orúkọ tí mo fi ń wọlé wà bó ṣe wà, gbogbo nǹkan mi á bá mi débẹ̀." Ọ̀gá á sọ ọ́, akọ̀wé á sọ ọ́, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fájuyì náà á sọ ọ́, tòun tún wá le jù torí òun máa ń fọwọ́ sọ̀yà.

Kì í bá wọn débẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì désíkítọ́ọ̀pù á ṣófo, printer ò ní sí, bookmark ò ní sí, fọ́tò ọmọ-ọmọ tí màmá akáǹtì fi ṣe ojú kọ̀ǹpútà á ti di àwòrán tí Windows fúnra ẹ̀ gbé síbẹ̀, màmá á sì figbe bọnu pé wọ́n ti jí iṣẹ́ òun. Gbogbo ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí ló ti rí i, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, Windows ò fi orúkọ mọ èèyàn. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní SID, tiwa tá à ń lò lórí dóménì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S-1-5-21, nọ́ńbà gígùn mẹ́ta á wá tẹ̀lé e tó jẹ́ ti dóménì yẹn, èyí tó gbẹ̀yìn ló jẹ́ tìẹ. Ẹ fi wé agboolé. Òjó wà n'Ìkẹ́rẹ́, Òjó wà n'Ìjerò, Òjó t'Ìjerò ò lè wọ agboolé Òjó t'Ìkẹ́rẹ́ kó ní kí wọ́n kó iṣu inú àká fóun torí pé òun náà ń jẹ́ Òjó. Wọ́n á bi í pé ọmọ ta ni. Ohun tí Windows ń bi yín nìyẹn. Ó máa wo ìwé ẹ̀ nínú registry, ìyẹn ibi tí Windows ń kọ ètò ẹ̀ sí, níbi tó ń jẹ́ ProfileList, kò ní bá nọ́ńbà yín níbẹ̀, á sọ pé àlejò lẹ jẹ́, á kọ́ yàrá tuntun fún yín, yàrá yẹn la ń pè ní profáìlì. Torí pé fódà C:\Users\ojo ti wà nílẹ̀, á fi orúkọ dóménì kún tuntun, bíi C:\Users\ojo.TUNTUN. Èyí àtijọ́ ò lọ ibì kankan, ó jókòó síbẹ̀ ń wò yín, torí náà ẹnì kankan ò jí iṣẹ́ màmá.

Ibi tí mo ti ń bínú wá nìyí. Ẹ ò ní ṣe àlàyé yìí parí kẹ́nì kan má sọ pé "mo ti ṣe é rí, ó sì ṣiṣẹ́." Ó dáa. Níbo lẹ ti ṣe é? Tẹ́ ẹ bá bi í dáadáa, ẹ máa rí i pé ńṣe ló yọ kọ̀ǹpútà kúrò lórí dóménì tó tún dá a padà sórí dóménì YẸN NÁÀ, bóyá torí kọ̀ǹpútà ń sọ pé òun ò mọ sáfà mọ́. Ó máa ṣiṣẹ́ ná! Òjó kan náà ni, ilé bàbá ẹ̀ ló padà sí, SID ẹ̀ ò yí padà. Ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ pé OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ti ń kó Desktop àti Documents ẹ̀ pa mọ́, Chrome ń gbé bookmark ẹ̀ kiri, ó wọlé pẹ̀lú ímeèlì, gbogbo ẹ̀ tò padà, ó ní orúkọ tóun ò yí padà ló ṣe é. Orúkọ kẹ̀? Mo ti bá èèyàn jiyàn lórí èyí títí iyán fi tutù níwájú wa, kò gbà.

Àwọn tó gbọ́n díẹ̀ á ní, tó bá jẹ́ nọ́ńbà ni, ẹ jẹ́ ká wọ ProfileList ká darí nọ́ńbà tuntun sí fódà àtijọ́. Èyí dáa ju ti ìṣáájú lọ, mo gbà, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ni. Fáìlì kan wà nínú fódà yẹn tó ń jẹ́ NTUSER.DAT, ibẹ̀ ni sẹ́tìnsì yín ń gbé gan-an, ó sì ní ìwé àṣẹ tiẹ̀ nínú, tó yàtọ̀ sí àṣẹ tẹ́ ẹ rí tẹ́ ẹ bá tẹ fódà wo. Ẹ lè fún Òjó tuntun láṣẹ lórí fódà látòkè délẹ̀, tẹ́ ò bá ṣí fáìlì yẹn nínú regedit, irinṣẹ́ tá a fi ń ṣí registry, kẹ́ ẹ fún un láṣẹ níbẹ̀ náà (ó ní ìkejì, UsrClass.dat), ó ṣeé ṣe kí Windows gbé yín sínú profáìlì onígbà díẹ̀, tẹ́ ẹ bá jáde gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe níbẹ̀ á pòórá.

Ọ̀nà tó mọ́ wà sha. USMT, irinṣẹ́ Microsoft tó ń kó fáìlì àti sẹ́tìnsì èèyàn láti ibì kan lọ síbòmíì, ní ScanState tó ń kó ẹrù àti LoadState tó ń sọ̀ ọ́, ẹ sì lè sọ fún un pé Òjó ti ibí ló di Òjó ti ọ̀hún. User Profile Wizard ti ForensiT ń yí àṣẹ padà sórí fódà àtijọ́ níbi tó wà, òun ni mo fẹ́ràn jù fún ọ́fíìsì kékeré. Bóyá gbogbo nǹkan á tẹ̀ lé yín? Mi ò ní búra. Pásíwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ti fi pa mọ́ sínú Chrome, SID yín àtijọ́ àti pásíwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ fi ń wọlé ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ so mọ́, ó sábà máa ń kú sọ́nà. USMT fúnra ẹ̀ kì í kó pásíwọ́ọ̀dù.

Kẹ́ ẹ tó yọ kọ̀ǹpútà kúrò lórí dóménì àtijọ́, ẹ rí i dájú pé ẹ mọ pásíwọ́ọ̀dù admin tó wà lórí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi wọlé wò, ẹ má kàn gbà pé ẹnì kan mọ̀ ọ́n. Tẹ́nì kan bá ti fi Windows ti fáìlì ẹ̀ pa, kó ṣí i kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sórí háàdì míì, torí iná lè lọ láàárín iṣẹ́. Ẹ má sì pa fódà àtijọ́ rẹ́ láàárín oṣù kan, ẹnì kan á ṣì rántí nǹkan.

Màmá akáǹtì ní tirẹ̀, fọ́tò ọmọ yẹn nìkan ló ń bèèrè, ó ti pa á rẹ́ lórí fóònù ẹ̀. Inú AppData lórí profáìlì àtijọ́ la ti bá a, lábẹ́ Themes, fáìlì tí ò ní ìrù kankan, TranscodedWallpaper. Mo fi .jpg kún un, mo ṣí i, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín.