Ta ló ní Yorùbá ò ní gírámà?

Àlfáà kan wà ládùúgbò wa ní Ìlọrin tí mo máa ń yà kí bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Àwọn ọmọ kéú a jókòó yí i ká lórí ẹní, wàláà lọ́wọ́ àwọn kékeré, àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ a sì máa ka náhù, ìyẹn gírámà Lárúbáwá. Lọ́jọ́ kan, bí a ṣe kíra tán, ó ní, "Àbúrò mi, Lárúbáwá ní náhù, Òyìnbó ní gírámà. Yorùbá ńkọ́? Ẹnu lásán la fi ń sọ ọ́." Kò fi bú ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá a lójú.

Òun nìkan kọ́. Níbi tí mo ti ka ìwé ní kékeré, owó ìtanràn là ń san bí Yorùbá bá já bọ́ lẹ́nu wa nínú kíláàsì. Tíṣà wa ní èdè tí kò ní gírámà ni, pé ó máa ba Gẹ̀ẹ́sì wa jẹ́. Mo gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ibi tí àṣìṣe náà ti wá kò fara sin. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀-ìṣe a máa pààrọ̀ aṣọ: go, goes, went. Ti Lárúbáwá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ; ìparí ọ̀rọ̀ orúkọ pàápàá a máa yí, bó bá jẹ́ olùwà, ọ̀tọ̀, bó bá jẹ́ àbọ̀, ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n "lọ" tiwa, lọ náà ni láàárọ̀, lọ náà ni lálẹ́, ì báà jẹ́ èmi ni mo lọ tàbí gbogbo ìlú. Ẹni tó bá ń wá ìrù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Yorùbá kò ní rí i, yóò sì sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi wàrà yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rán ọmọ àbúrò mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ra wàrà lọ́jọ́ kan. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún márùn-ún. Nígbà tí wọ́n dé, mo ní, "Ṣé ẹ ra wàrà?" Ó ní, "A rà á." Ẹ tún un sọ lẹ́nu yín kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Èmi sọ "ra", ohùn àárín. Òun sọ "rà", ohùn ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa gòkè sí àárín bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. Bó bá jẹ́ arọ́pò orúkọ ló tẹ̀ lé e, á dúró síbi tó wà. Ka ìwé, kà á. Gba owó, gbà á. Ta ilẹ̀, tà á. Bí ẹnìkan bá sọ fún ọmọ yẹn pé "mo rà wàrà", á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àlejò ni onítọ̀hún nínú èdè wa. Ta ló kọ́ ọ? Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sójú pátákó fún un. Òfin ni, ó sì ti wà lórí rẹ̀ kó tó mọ A yàtọ̀ sí B.

Arọ́pò orúkọ náà ní ìlànà tirẹ̀. À ń sọ pé "ó rí mi", "ó fún wa", ṣùgbọ́n "ó gbà mí", "ó pa wá". Bí ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe bá wà lókè, "mi" àti "wa" a dúró ní àárín. Bí kò bá sí lókè, àwọn ni yóò lọ sókè.

Èyí tó wù mí jù ni ti olùwà. Ẹ sọ pé "ọkọ Dúpẹ́", ẹni tó fẹ́ Dúpẹ́ níyàwó. Ẹ wá sọ pé ọkọ ti dúró níwájú ìjọ, ó ní ẹ ṣeun: "Ọkọ́ dúpẹ́." Lẹ́nu, ohùn òkè kan ṣoṣo tó bọ́ sí ìparí "ọkọ" ló sọ ọ́ di odidi gbólóhùn. A kì í sábà kọ ọ́ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú kì í fi í rí i, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá tí etí rẹ̀ kì í gbọ́ ọ. "Ọkọ̀ dé" náà, ẹ pè é síta: ọkọ̀ ọ́ dé. Bí ẹ bá fi "kò" tàbí "yóò" sí i, ohùn òkè yẹn á kúrò. Kí la tún fẹ́ pe irú èyí bí kì í bá ṣe gírámà?

Ọ̀rọ̀ ìgbà kò gba àlàyé púpọ̀. Ń, ti, máa, yóò ló ń ṣe é. Bí kò bá sí ìkankan, "mo ra wàrà" ti kọjá, "mo fẹ́ wàrà" ń lọ lọ́wọ́. Irú ọ̀rọ̀-ìṣe tó jẹ́ ló ń pín in.

Ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ wá ńkọ́? Wọ́n ní a ò ní ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó tó nǹkan. Nínú "ilé náà ga", ọ̀rọ̀-ìṣe ni "ga": kò ga, ó ti ga, ó ń ga sí i. Bó bá di ká fi ṣàpèjúwe, a ó lo àpètúnpè: gíga. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń rí lílọ látara lọ, rírà látara rà. Àwọn onímọ̀ gan-an kò fẹnu kò lórí "gíga" yìí. Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú gírámà rẹ̀ tó jáde ní 1966, ya ọ̀rọ̀ àpèjúwe sọ́tọ̀. Ọládélé Awóbùlúyì, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Yunifásítì Ìlọrin níbí, ní ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń ṣiṣẹ́ ẹ̀yán, ìyẹn iṣẹ́ yíyan ọ̀rọ̀ orúkọ mìíràn. Ẹ sì bi àlfáà wò: nínú náhù, ìsọ̀rí mẹ́ta péré ló wà, ìsímù (ọ̀rọ̀ orúkọ), fíìlì (ọ̀rọ̀-ìṣe) àti háráfù (èyí tí kì í ṣe méjèèjì), abẹ́ ìsímù sì ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe wà. Kò sẹ́ni tó torí ìyẹn sọ pé èdè Lárúbáwá kò pé.

Àwọn ìbátan èdè wa tó wà ní Kwara yìí náà, kálukú ló ní tirẹ̀. Nínú èdè Fúlàní, ẹnì kan ni Pullo, bí wọ́n bá di púpọ̀, Fulɓe ni: àtorí àti ìdí ọ̀rọ̀ ló yí. Ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ wọn lé ní 20. Èdè Bàtọ́nú ní Bàrútẹ̀n náà ń pín ọ̀rọ̀ orúkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní Pàtígì ẹ̀wẹ̀, èdè Nupe ní ohùn mẹ́ta bíi tiwa.

Mo padà sọ́dọ̀ àlfáà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà tí Kùránì sọ̀ kalẹ̀, ṣé wọ́n ti kọ ìwé náhù?" Ó ní rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló rán mi létí Sibawayhi, ará Páṣíà tó gbé ní Basra ní sẹ́ńtúrì kẹjọ, tí ìwé rẹ̀ jẹ́ ìwé náhù tó pẹ́ jù lọ tó ṣì wà lọ́wọ́ wa. Àwọn Lárúbáwá ti ń sọ èdè wọn bó ṣe yẹ ṣáájú rẹ̀. Mo ní tiwa náà nìyẹn: 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀, tó fi àlàyé gírámà ṣíwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ńlá wa ti ń sọ pé "rà á", wọn ò sọ pé "ra á", tipẹ́tipẹ́.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá kọjú sáwọn ọmọ, ó ní kí wọ́n sọ pé "ó rí mi". Wọ́n sọ ọ́. Ó ní "ó gbà mí". Wọ́n sọ ọ́. Ó tún un gbọ́ lẹ́nu wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń fi ìka tọ ohùn náà lókè nísàlẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bó bá ń kọ́ wọn ní Kùránì. Ó wá yíjú sí mi: "'Yín' ńkọ́? Ó rí yín, ó gbà yín. Kí ló dé tíyẹn ò kúrò lókè?"