Bí Ìbánigbófò Ṣe Ń San Owó Pámpásì Àgbàlagbà Ní Amẹ́ríkà

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣìnà ni pé Medicare ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré lọ bá. Medicare ni ètò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe fún ẹni tó ti pé ọdún 65 àti àwọn aláàbọ̀ ara kan. Àmọ́ kì í sanwó pámpásì àgbàlagbà rárá, kì í sanwó páàdì, kì í sì í sanwó èyí tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ìbáà kọ ọ́ sínú ìwé nígbà mẹ́wàá, èsì kan náà ni. Lójú wọn, ohun tí èèyàn ń lò tó sì ń jù nù ni.

Ohun tí Ẹ̀ka B nínú Medicare ń san ni owó kátítà, ìyẹn rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ jáde. Aláìsàn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí dókítà rí i pé ìṣòro ìtọ̀ rẹ̀ kò ní tán láàárín oṣù 3. Èyí tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ tí wọ́n sì ń yọ lè tó 200 lóṣù. Èyí tí ọkùnrin ń fi bo ojú ara kì í ju 35 lọ. Lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti san iye tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san lọ́dún, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì kù fún un láti san. Àwọn iléeṣẹ́ aládàáni tó ń ṣe Medicare Advantage nìkan ni àwọn kan nínú wọn máa ń fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún pámpásì àti páàdì. Nọ́ńbà fóònù tó wà lẹ́yìn káàdì ni ká pè, ká béèrè iye tó jẹ́ àti ọjọ́ tó máa ń dópin, torí pé owó tí a kò bá ná sábà máa ń jóná.

Medicaid gan-an ni ilẹ̀kùn. Ti àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀ ni, ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ ló sì jọ ń gbé e, ìdí nìyẹn tí òfin ìpínlẹ̀ kan kò fi bá ti èkejì mu. Ní California, $165 lóṣù ni òdiwọ̀n, owó orí ọjà wà nínú rẹ̀, láti ọmọ ọdún 5 sókè. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ń ka pámpásì ní ẹyọ-ẹyọ. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni kì í san ti ọmọ ọwọ́, nítorí gbogbo ọmọ ọwọ́ ló ń lò ó. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kò tíì pé ọdún 21, òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní EPSDT sọ pé ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ pèsè ohun tí ìlera rẹ̀ nílò, nítorí náà òdiwọ̀n lásán kò tó ìdí láti kọ̀. Ẹni tó ní Medicare àti Medicaid pọ̀, Medicaid ni yóò san ti pámpásì.

Ìwé dókítà ló sábà máa ń ba nǹkan jẹ́. Ohun méjì ló gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀: ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ tí kò ṣeé mú dúró, àti àìsàn tó fà á, bíi rọpárọsẹ̀, àrùn ìgbàgbé tàbí ọgbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọjọ́ ogbó kì í ṣe àìsàn lójú wọn. Kóòdù àìsàn R32, tó kàn ń sọ pé ìtọ̀ ń dà láìsọ irú èyí tó jẹ́, kì í lágbára tó N39.41, tó jẹ́ ti ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n tí kì í bá a dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni irú ẹrù, ìwọ̀n rẹ̀, iye tí aláìsàn ń lò lójúmọ́, iye lóṣù àti iye oṣù. Ìṣirò náà gbọ́dọ̀ bára mu: 6 lójúmọ́ jẹ́ 180 ní ọjọ́ 30. Bí dókítà bá kọ ọ́ pé “bó bá ṣe nílò rẹ̀”, ìwé náà yóò padà wá. Kóòdù T4521 sí T4524 ni pámpásì tó ń lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, láti kékeré dé èyí tó tóbi gan-an. T4525 sí T4528 ni èyí tí wọ́n ń fà wọ̀ bíi pátá. T4535 ni páàdì. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ló ní kóòdù tirẹ̀, nítorí náà bí aláìsàn bá rù, ìwé tuntun ni.

Kí a wọn ìbàdí àti ìdí, kí a sì lo èyí tó tóbi jù nínú méjèèjì. Àwọn kan rò pé pámpásì tó tóbi ló ń gba omi jù. Kò rí bẹ́ẹ̀: àlàfo tó wà nítan ni ìtọ̀ ń gbà jáde, wọ́n á máa pààrọ̀ léraléra, á sì dà bíi pé iye tí wọ́n fún wọn ni kò tó. Ó sàn kí a béèrè àpẹẹrẹ díẹ̀ lọ́wọ́ olùpèsè ná, torí pé páálí tí a ti tú kì í ṣeé dá padà.

Bí ohun tó ń lò bá ju òdiwọ̀n lọ, kí ẹbí ṣe àkọsílẹ̀ fún ọjọ́ 3 sí 7: aago tí wọ́n pààrọ̀, àti bóyá ìtọ̀ ni tàbí ìgbẹ́. Kí dókítà fi ìdí rẹ̀ kún un, bí àpẹẹrẹ oògùn tó ń fa ìtọ̀ púpọ̀ tàbí egbò ìdí. Láti ọdún 2026, ọjọ́ 7 ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń bójú tó Medicaid ní láti fi dáhùn ìbéèrè fún àṣẹ láti gba èyí tó ju òdiwọ̀n lọ, wákàtí 72 sì ni bó bá jẹ́ kánjúkánjú. Ọjọ́ 14 ni ti tẹ́lẹ̀.

Ọwọ́ olùpèsè tó ń bá ètò náà ṣiṣẹ́ nìkan ni kí a ti gbà á. Rìsíìtì ohun tí a fi owó ara wa rà kì í sábà mú owó padà wá. Ọ̀pọ̀ olùpèsè máa ń pe ẹbí kí wọ́n tó kó ti oṣù tuntun wá, bí kò bá sì sẹ́ni tó gbé ìpè náà, ẹrù kò ní dé. Bí aláìsàn bá wọ ilé ìtọ́jú arúgbó, ilé náà ni yóò máa pèsè rẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ̀, kí a kọ́kọ́ ka ìdí tí wọ́n kọ. Ìbuwọ́lùwé tó sọnù tàbí kóòdù tó ṣì, ọ́fíìsì dókítà lè tún un ṣe láìsí ẹjọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 60 ló wà láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ó kan ìgbẹ́jọ́ ìpínlẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ dín tirẹ̀ kù tàbí gé e, kó tètè pè é láàárín ọjọ́ 10, kó sì sọ pé kí wọ́n má dá ẹrù dúró títí ẹjọ́ yóò fi parí. Àmọ́ bó bá pàdánù, wọ́n lè ní kó san owó ohun tó gbà láàárín ìgbà náà.

Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun lè gbà á lọ́wọ́ VA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó wọn, nípasẹ̀ ìwé dókítà VA. Ẹni tí kò sí nínú èyíkéyìí nínú wọn, ṣùgbọ́n tó ní àpò owó ìtọ́jú ìlera tí wọ́n ń pè ní HSA tàbí FSA, lè fi owó inú rẹ̀, tí wọn kì í gba owó orí lé lórí, ra pámpásì, bó bá jẹ́ pé àìsàn ló fà á. Kó tọ́jú rìsíìtì mọ́ lẹ́tà dókítà.