Abẹ́òkúta ni ẹ̀kọ́ ìlera ti wọ ilé ìwé

Bí ẹ bá bi àwọn ará Èkó, wọ́n á ní àwọn wolé-wolé ìjọba òyìnbó ló mú ẹ̀kọ́ ìlera dé ilẹ̀ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmù omi ni wolé-wolé ń yẹ̀ wò. Bó bá rí tanwíjí níbẹ̀, ó di kóòtù. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Abẹ́òkúta ni kí ẹ wá. Ní 1861, dókítà kan tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, rán wá, A. A. Harrison, kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin díẹ̀ jọ níbí, ó ń kọ́ wọn nípa ìṣègùn. Nathaniel King wà lára wọn. Ó kàwé dé ìlú ọba, ó sì padà wá ṣe dókítà l'Ékòó. Abẹ́òkúta ló gbìn ín, Èkó ló ká a.

Ó dá mi lójú pé ìmọ̀ yẹn kò há sí kíláàsì. Ohun tí ọmọ bá gbọ́ lọ́sàn-án, á rò ó fún ìyá rẹ̀ lálẹ́. Ilẹ̀ tó bọ́ sí náà kò sì ṣá. Kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé ni a ti ń sọ pé ọmọ tó mọ ọwọ́ ọ́ wẹ̀ ni yóò bá àgbà jẹun. Abọ́ omi ló ń ṣáájú abọ́ ọkà. Ṣànpọ̀nná ńkọ́? Láyé àtijọ́ tó ṣì ń jà, a kì í pè é lórúkọ, ilẹ̀ẹ́gbóná là ń wí, a sì máa ń ya ẹni tó bá mú sọ́tọ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé àìsàn ń ràn. Ọ̀rọ̀ náà gan-an, ìlera, kí ara le ni.

Ní 1895 ni Fadá Coquard dá ọsibítù Lántòrò sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ní 1955. Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ Abẹ́òkúta Gírámà, di mínísítà ètò ìlera ní 1985, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a fi ń tọ́jú ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru sì dé ilé ìwé.

Ìgbà yẹn ni mo wà ní páráìmárì n'Ítọ́kò. Tíṣà wa gbé ìgò bíà tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ tónítóní sórí tábìlì, ó bu iyọ̀, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kó lè tẹ́jú. Ó ní ká tọ́ ọ wò: "Tó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, ẹ po òmíràn." Lọ́dún yẹn, nígbà tí àbúrò mi ń yàgbẹ́ gbuuru, èmi ni mo po ti ẹ̀. Ìyá mi di ṣíbí mú, ó ń dúró kí n ní ó tó.