Bí Wọ́n Ṣe Jáwọ́ Nínú Pípa Oyin: Ibi Tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́sìn Oyin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ti Ṣẹ̀

Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó dé ìdajì, inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi koríko gbígbẹ hun ni àwọn ará oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sin oyin sí. Wọ́n á dojú apẹ̀rẹ̀ náà dé lẹ́yìnkùlé, oyin á sì mọ afárá rẹ̀ mọ́ ọn nínú lọ́hùn-ún. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, baálé á fi ọwọ́ gbé apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó wúwo jù, ikú ni tirẹ̀, torí oyin kún inú rẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ jù, ikú náà ni, torí ebi ni yóò kúkú pa á kí òtútù tó lọ. Àwọn tó wà láàárín ni wọ́n ń dá sí di ọdún tó ń bọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pa wọ́n kò le. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí oyin ti wọlé tán, wọ́n á gbẹ́ ihò kékeré sílẹ̀, wọ́n á fi igi há àkísà tí wọ́n ti rẹ sínú imí ọjọ́, wọ́n á ṣáná sí i, wọ́n á wá gbé apẹ̀rẹ̀ lé e lórí. Kò ní í pẹ́ tí gbogbo ìró kíkùn inú rẹ̀ á fi pa lọ́lọ́. Wọ́n á da erùpẹ̀ bo òkú oyin, wọ́n á gbé afárá wọlé. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fi iná fá oyin nínú ihò igi lọ́dọ̀ tiwa kò ní í kọ háà.

Ní tèmi, ibẹ̀ gan-an ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹgbẹ́ ọlọ́sìn oyin. Ẹni tó ń pa oyin rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ló fẹ́ fi ẹgbẹ́ ṣe? Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó mú agbo tó bá ṣí jáde nígbà ooru, kó sì pa èyí tó wúwo nígbà ìwọ́wé. Ọjọ́ tí wọ́n pinnu pé àwọn ò pa oyin mọ́ ni oṣù méjèèjìlá di oṣù iṣẹ́.

Ìpinnu yẹn kò lè dúró láìsí irinṣẹ́. Àlùfáà kan ní Philadelphia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Lorenzo Langstroth, ṣàkíyèsí lọ́dún 1851 pé bí àlàfo inú ilé oyin bá tó nǹkan bíi mìlímítà 6 sí 9, oyin á fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọjá. Bó bá há ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fi oje igi dí i. Bó bá fẹ̀ jù, wọ́n á mọ afárá sí i. Ló bá kan àpótí tó ní férémù, ìyẹn igi onígun mẹ́rin tí oyin ń mọ afárá sí, tí èèyàn lè yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì dá a padà láì fọ́ nǹkan kan. Ní 1865, ọ̀gá ológun ará Austria kan, Franz von Hruschka, fi ẹ̀rọ han àwọn ọlọ́sìn oyin tó péjọ sí Brno: ẹ̀rọ náà ń fi afárá yí bírí títí oyin inú rẹ̀ á fi fọ́n jáde, afárá á sì wà bó ṣe wà.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sábà dárúkọ. Lọ́dún 1874 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fagi lé owó orí tó wà lórí ṣúgà. Bí a bá kó oyin lọ́wọ́ kòkòrò tó ṣe é ní oṣù kẹjọ, kí ni wọ́n fẹ́ jẹ di oṣù kẹta? Láyé ìgbà imí ọjọ́, ìbéèrè yìí kò sí, torí òkú kì í jẹun. Ṣúgà tí kò wọ́n ló mú kí aláìní lè dáhùn rẹ̀.

Ọdún 1874 yẹn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ọlọ́sìn oyin gbogbo ilẹ̀ náà sílẹ̀, British Bee-Keepers' Association. Charles Nash Abbott, ẹni tó dá ìwé ìròyìn British Bee Journal sílẹ̀ ní 1873, wà lára àwọn tó ṣagbátẹrù rẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n kọ sínú ète ẹgbẹ́: kí ọ̀sìn oyin gbé ìgbésí ayé òṣìṣẹ́ oko ga, kí wọ́n sì máa ṣàánú òṣìṣẹ́ kejì, ìyẹn oyin fúnra rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá ní Crystal Palace ní London. Nígbà tó yá, Angela Burdett-Coutts, olówó obìnrin tí òkìkí ìtọrẹ àánú rẹ̀ kàn káàkiri, di ààrẹ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ ẹkùn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ti ìlú kéékèèké.

Ohun tó ń fa èrò jù níbi ìpàtẹ wọn ni àgọ́ tí wọ́n fi àwọ̀n ta. Ọkùnrin kan á dojú apẹ̀rẹ̀ tó kún fún oyin sókè, á fín èéfín díẹ̀ sí i, á fi irin so apẹ̀rẹ̀ òfìfo mọ́ etí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Á wá máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lu ìhà apẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀ láì dáwọ́ dúró. Kò pẹ́, oyin á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gòkè lọ sínú òfìfo, ẹsẹ̀ lásán, wọn ò fò. Gbogbo ojú á máa wá ìyá oyin bó ṣe ń kọjá. Wọ́n a tilẹ̀ máa fi í díje. Àlàyé tó wà nínú eré yẹn kò fara sin: ẹ lè kó oyin inú afárá, kí ẹ má pa ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ o, àwọn àlùfáà àti ọlọ́lá ló pọ̀ nídìí ẹgbẹ́ náà níbẹ̀rẹ̀, àpótí onígi kò sì rọ òṣìṣẹ́ oko lọ́rùn láti rà. A máa ń sọ pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹni tí kò ní àáké rárá ńkọ́? Apẹ̀rẹ̀ koríko ṣì wà káàkiri nígbà tí ọ̀rúndún ogún wọlé.

Iṣẹ́ ọdún tí ẹgbẹ́ ìlú ń kọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun lónìí, inú ìpinnu yẹn ló ti jáde. Ní ìgbà ìrúwé, tí oòrùn bá mú díẹ̀, wọ́n á ṣí àpótí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti mọ̀ bóyá ìyá oyin ń yé ẹyin. Láti oṣù kẹrin tàbí karùn-ún di oṣù keje, ọ̀sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kọjá kí wọ́n má yẹ ilé wò. Ìdí ni pé ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ti yé ẹyin tí yóò di ìyá oyin tuntun ni wọ́n ń fi ìda dé ilé rẹ̀, àsìkò yẹn sì ni ìyá àtijọ́ máa ń kó ìdajì agbo tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde. Ẹni tó bá gbàgbé á gba ìpè aládùúgbò: oyin ti ṣù mọ́ igi lẹ́nu ọ̀nà mi o! Ẹgbẹ́ ló ń yan àwọn tí yóò lọ kó o. Ẹgbẹ́ náà ló ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yọ oyin lára afárá, torí ọjọ́ díẹ̀ péré lọ́dún ni èèyàn ń lò ó. Ní oṣù kẹsàn-án, ṣúgà: kìlò méjì sí lítà omi kan. Wọ́n á fi irin oníhò kéékèèké dí ẹnu ọ̀nà kí eku má wọlé. Wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ gbé àpótí wò bíi ti ayé àtijọ́, àmọ́ èyí tó bá fúyẹ́, oúnjẹ ló ń gbà.

Àrùn ló wá so ẹgbẹ́ wọ̀nyí pọ̀ dáadáa. Ní nǹkan bí ọdún 1906, oyin bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀ ní erékùṣù Wight, wọn ò lè fò, àrùn náà sì tàn ká gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Buckfast ní Devon, ilé oyin 16 péré ló ṣẹ́ kù nínú 46 nígbà tó fi máa di 1916. Láti ibẹ̀ ni Brother Adam, ajẹ́jẹ̀ẹ́ tí wọ́n bí sí Jámánì, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìran oyin tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Lọ́dún 1992 ni kòkòrò Varroa tó ń lẹ̀ mọ́ oyin lára gúnlẹ̀ sí Devon yẹn náà. Nítorí rẹ̀, oṣù kejìlá, tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ máa ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilé oyin, ti di oṣù tí wọ́n ń lo oògùn sí i, torí ìgbà náà ni kò sí ọmọ oyin nínú afárá tí Varroa lè sá pamọ́ sí. Lọ́dún 2016, wọ́n rí agbọ́n Éṣíà tó ń pa oyin jẹ ní Tetbury, ní Gloucestershire. Kíkọ́ bí a ṣe ń dá agbọ́n náà mọ̀, ká sì fi í sùn, ti wọ inú iṣẹ́ ìgbà ìrúwé báyìí.