Ṣé òótọ́ ni pé fífọ́ tí wọ́n fọ́ Osirak ló gba bọ́ǹbù lọ́wọ́ Saddam?

Níbikíbi tí àwọn èèyàn bá ti ń jiyàn lórí iṣẹ́ átọ́míìkì Ìráànì, ẹnìkan á sáà sọ ọ́: "Ohun tí Ísírẹ́lì ṣe fún Saddam ní 1981 nìyẹn. Wọ́n fọ́ ilé iṣẹ́ bọ́ǹbù rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán." Wọ́n fọ́ ilé kan lóòótọ́. Ibi tí wọ́n ti ní ọ̀rọ̀ tán ni irọ́ wà. Lẹ́yìn tí ilé yẹn wó ni Saddam Hussein, ààrẹ Ìráàkì nígbà náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi gbogbo ara wọ iṣẹ́ bọ́ǹbù átọ́míìkì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday, 7 oṣù kẹfà ọdún 1981, bàálù ogun F-16 mẹ́jọ gbéra láti pápákọ̀ Etzion ní aginjù Sínáì, F-15 mẹ́fà sì ń ṣọ́ wọn lọ. Wọ́n ń fò nílẹ̀ nílẹ̀ kí rádà má baà rí wọn. F-16 kọ̀ọ̀kan gbé bọ́ǹbù méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó 900 kìlógíráàmù. Tuwaitha, tí kò tó 20 kìlómítà sí ìlú Baghdad, ni wọ́n ń lọ. Ibẹ̀ ni àwọn Faransé ti ń kọ́ rìákítọ̀, ẹ̀rọ átọ́míìkì ńlá tí yùréníọ́mù jẹ́ epo rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Osirak, tí àwọn ará Ìráàkì ń pè ní Tammuz 1. Kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, ó ti wó. Ọmọ ogun Ìráàkì mẹ́wàá àti ọmọ Faransé kan kú. Ní 19 oṣù yẹn kan náà, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dẹ́bi fún Ísírẹ́lì nínú ìpinnu 487, gbogbo wọn ló sì dìbò sí i, Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀.

Ísírẹ́lì kọ́ ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀ o. Bàálù Phantom ti Ìráànì ti rọ bọ́ǹbù sí ibì kan náà ní 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1980, àmọ́ wọn ò bà á jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìráànì tí gbogbo ayé ń lé kiri lónìí ni!

Kí ni rìákítọ̀ náà lè ṣe gan-an? Ti ìwádìí ni, agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 40. Wọn ò tíì tanná sí i. Epo rẹ̀ jẹ́ yùréníọ́mù tí wọ́n ti ṣà, ìyẹn ni pé wọ́n ti ṣa irú tí kò wúlò dànù, dé ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún, Faransé sì ti kó nǹkan bíi kìlógíráàmù 12 dé. Bí Saddam bá fẹ́ fi rìákítọ̀ yẹn wá plútóníọ́mù, èròjà mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù, ó ní láti to yùréníọ́mù mìíràn yí ojú iná rẹ̀ ká, kó dúró títí yóò fi yí padà, kó yọ ọ́, kó wá gbé e lọ sí ibòmíràn tí wọ́n á ti fi kẹ́míkà yọ plútóníọ́mù kúrò lára rẹ̀. Ojú àwọn òṣìṣẹ́ Faransé àti àwọn olùbẹ̀wò IAEA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ átọ́míìkì lágbàáyé, ló máa ti ṣe gbogbo èyí. Richard Wilson, onímọ̀ físíìsì ní Harvard, lọ wo àwókù náà ní ìparí 1982, ó sì sọ pé irú rìákítọ̀ bẹ́ẹ̀ ò bá iṣẹ́ bọ́ǹbù mu. Èyí ò sọ Saddam di ẹni mímọ́. Ó fẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ti wọlé.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń pa rẹ́. Bí ọ̀tá bá ti gbé àdá sókè tó fẹ́ ṣá ọ, tí o yára lù ú, ìgbèjà ara ẹni nìyẹn, òfin àgbáyé sì lójú àánú fún un. Bí o bá lọ lù ú nítorí o rò pé lọ́jọ́ kan á ra àdá, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Osirak wà lára ti ìkejì yìí, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní "ṣíṣáájú ọ̀tá" sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yíwọ́ nìyí. Onímọ̀ físíìsì kan wà ní Ìráàkì tó ń jẹ́ Jafar Dhia Jafar. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti kàwé, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí físíìsì ńlá ní Yúróòpù. Lọ́jọ́ tí Osirak wó, àhámọ́ ló wà. Wọ́n ti mú un nítorí pé ó bẹ̀bẹ̀ fún Hussain al-Shahristani, onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí Saddam fi sẹ́wọ̀n. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1981, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí bọ́ǹbù balẹ̀, wọ́n tú u sílẹ̀. Òun náà ni wọ́n wá gbé iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ tuntun lé lọ́wọ́. Láàárín ọdún mẹ́wàá, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kúrò ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún díẹ̀, wọ́n di ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Iṣẹ́ tuntun yìí ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú rìákítọ̀ mọ́. Rìákítọ̀ tóbi, òkèèrè la ti ń rà á, bàálù sì ń rí i láti òkè. Yùréníọ́mù ni Jafar àti àwọn èèyàn rẹ̀ fẹ́ ṣà nílé. Òòfà ńlá ńlá ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é: wọ́n á sọ yùréníọ́mù di oru, wọ́n á fi iná mànàmáná gbé e, wọ́n á wá jù ú gba inú agolo tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ jáde níbẹ̀, láàárín òòfà. Èyí tó fúyẹ́, U-235, irú yùréníọ́mù tí bọ́ǹbù ń lò, á tẹ̀ ju èyí tó wúwo lọ, oníkálùkù á sì bọ́ sínú àpótí tirẹ̀. Ọ̀nà tí Amẹ́ríkà lò ní Oak Ridge nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni. Ó lọ́ra, ó ń jẹ iná bí ìlú kékeré kan, ìdí nìyẹn tí àwọn alágbára fi pa á tì, tí púpọ̀ nínú ìwé rẹ̀ sì wà ní gbangba. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹni tó ń ra irin fún un, torí kò sẹ́ni tó rò pé ẹnikẹ́ni tún lè padà sídìí rẹ̀.

Ní Tarmiya, níbi tí wọ́n kọ́ ọ̀kan nínú ilé iṣẹ́ ńlá méjì rẹ̀ sí, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ri wáyà iná gbà kí àwòrán láti òkè má baà fi hàn pé iná ńlá ń wọ ilé náà. Ní Tuwaitha fúnra rẹ̀, àwọn olùbẹ̀wò IAEA ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Wọ́n ń wo ilé tí Ìráàkì kọ sínú ìwé fún wọn, wọ́n ń bu ọwọ́ lùwé, wọ́n ń lọ. Àwọn ilé tí wọ́n ti ń dán òòfà wò wà nínú ọgbà kan náà.

Ẹ wo àbọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ogun Kuwait fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1991, ibi méjì péré ló wà lórí ìwé Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ilé átọ́míìkì ní Ìráàkì. Lẹ́yìn ogun, àwọn olùbẹ̀wò rí ibi tó ju ogún lọ. Ní 28 oṣù kẹfà, nítòsí Fallujah, àwọn olùbẹ̀wò rí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń fi eré kó àwọn irin ńlá róbótó-róbótó jáde ní bárékè. Wọ́n ń ya fọ́tò, àwọn sójà Ìráàkì yìnbọn gba orí wọn kọjá, wọn ò sì dẹ́kun yíya. Òòfà tí à ń sọ ni. Ní 7 oṣù keje, Ìráàkì jẹ́wọ́.

Nítorí náà, kí ló wá pa iṣẹ́ yẹn? Ìṣẹ́gun 1991 àti ìpinnu 687 ti Ìgbìmọ̀ Ààbò ni, tó fún àwọn olùbẹ̀wò láṣẹ láti wọ ibikíbi, kí wọ́n ka ẹ̀rọ, kí wọ́n fọ́ ọ, kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ìráàkì ní 2003, tí wọ́n wá gbogbo ilẹ̀, ìjábọ̀ àwọn èèyàn tiwọn ní 2004 ni pé iṣẹ́ átọ́míìkì náà ti kú láti 1991. Iṣẹ́ tí F-16 mẹ́jọ tì wọ ihò lábẹ́ ilẹ̀, àwọn tó mú páádì àti kámẹ́rà dání ló fà á jáde.

"Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó." Àwọn mìíràn náà ń wo àjà. Kòríà Àríwá kéde ní 10 oṣù kìíní ọdún 2003 pé òun jáde nínú NPT, àdéhùn àgbáyé tó ń dènà kí ohun ìjà átọ́míìkì tàn kálẹ̀. Ogun Ìráàkì bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta. Ní 9 oṣù kẹwàá 2006, wọ́n dán bọ́ǹbù àkọ́kọ́ wò. A ò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ìtàn: rìákítọ̀ wọn ní Yongbyon ti wà láti àwọn ọdún 1980, ogun Ìráàkì kọ́ ló bí i. Ohun tí ogun náà ṣe ni pé ó fún wọn ní ìdí láti má fi í sílẹ̀ láéláé. Líbíà fi iṣẹ́ átọ́míìkì tirẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kejìlá 2003. Ní 2011 bàálù NATO wà lójú ọ̀run rẹ̀, ní oṣù kẹwàá Gaddafi, olórí rẹ̀, kú. Ogun abẹ́lé ni NATO bá dá sí níbẹ̀, kì í ṣe ti átọ́míìkì, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó mọ̀ bóyá Gaddafi á yè nígbà tí àwọn aláṣẹ Kòríà Àríwá ti bọ́ síta lóṣù kẹta ọdún yẹn, tí wọ́n ní ẹ̀tàn ni wọ́n fi gba ohun ìjà lọ́wọ́ Líbíà.

Ti Ìráànì gba kí ẹ gbé atẹ ẹ̀wà wá. Ẹ ka 1,000 kóró sí i. 7 péré jẹ́ pupa, ìyókù funfun. Bí yùréníọ́mù ṣe ń ti inú ilẹ̀ jáde nìyẹn, pupa ni U-235. Ẹ wá máa ṣa funfun dànù. Kí pupa tó di ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, irú èyí tí ilé iṣẹ́ mànàmáná ń lò, ẹ ó ti kó 825 dànù, á ku 175. Kó di ìdá 20, 140 mìíràn á lọ, á ku 35. Kó tó nǹkan bíi ìdá 60, ẹ tún ṣa 23, á ku 12. Láti 60 dé 90, tí í ṣe ti bọ́ǹbù, kóró 4 ló kù fún yín láti ṣà. Ẹ̀rọ gidi máa ń fi díẹ̀ ṣòfò, àmọ́ ìṣirò náà ò yàtọ̀ púpọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ló le jù. Ìparí rẹ̀ ò gba ju ẹ̀rọ sẹ́ńtírífúùjì ìwọ̀nba, àwọn túùbù tó ń yí bí òkòtó, tí yàrá kan tó rọra fara pamọ́ lè gbà.

Ẹ wá fi ọjọ́ wé ọjọ́. Oṣù kọkànlá 2020, wọ́n pa Mohsen Fakhrizadeh, onímọ̀ átọ́míìkì Ìráànì. Oṣù kejìlá, ilé aṣòfin wọn ṣòfin. Oṣù kìíní 2021, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà dé ìdá 20 ní Fordow, lábẹ́ òkè. 11 oṣù kẹrin 2021, wọ́n ba iná mànàmáná jẹ́ ní Natanz, ibòmíràn tí Ìráànì ti ń ṣa yùréníọ́mù. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, Ìráànì ní òun ń lọ sí ìdá 60, wọ́n sì lọ. Nígbà tí Ísírẹ́lì bẹ̀rẹ̀ ogun ní 13 oṣù kẹfà 2025, ìṣirò IAEA ni pé Ìráànì ní 440.9 kìlógíráàmù èyí tó ti dé ìdá 60. Amẹ́ríkà rọ bọ́ǹbù tó wọ̀n ju tọ́ọ̀nù 13 lọ sí Fordow àti Natanz ní 22 oṣù náà. Ilé bàjẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù keje kò tíì rìn jìnnà tí Ìráànì fi sọ òfin tó dá ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú IAEA dúró di ìṣe, àwọn olùbẹ̀wò sì kúrò. Lẹ́yìn náà, IAEA ò lè tọ́ka sí ibi tí kìlógíráàmù wọ̀nyẹn wà mọ́. Kí bọ́ǹbù tó balẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n dé orí póíǹtì.

Síríà ni àwọn tó fẹ́ràn bọ́ǹbù máa ń fi dáhùn, ó sì yẹ kí wọ́n fi dáhùn. Ní 6 oṣù kẹsàn-án 2007, Ísírẹ́lì fọ́ rìákítọ̀ kan ní ẹkùn Deir ez-Zor, Síríà ò sì kọ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn, ọwọ́ Kòríà Àríwá ló ti wá. Síríà ò ní irú Jafar tó máa tún un bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Assad, ààrẹ Síríà nígbà náà, sẹ́ pé kì í ṣe rìákítọ̀, Ísírẹ́lì sì pa ẹnu mọ́ títí di 2018, nítorí náà ojú ò ti ẹnikẹ́ni ní gbangba débi tí á fi gbẹ̀san. Níbi tí ìmọ̀ ò bá sí nílé, fífọ́ ilé lè tó. Ìráàkì àti Ìráànì ò sí lára irú ibẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà yàtọ̀ sí fífọ́. Íńdíà àti Pakísítánì, tí wọ́n ti bára wọn jagun léraléra, fọwọ́ sí ìwé ní 31 oṣù kejìlá 1988 pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ò ní kọlu ilé átọ́míìkì ẹnìkejì. Láti 1992, ní 1 oṣù kìíní ọdọọdún, wọ́n ń fi orúkọ àti ibi tí àwọn ilé wọ̀nyẹn wà ránṣẹ́ síra wọn. Wọ́n fi ránṣẹ́ ní 2000, lẹ́yìn ogun Kargil tí àwọn méjèèjì jà. Wọ́n tún fi ránṣẹ́ ní 2002, nígbà tí ọmọ ogun wọn kojú ara wọn ní ẹnubodè.

Nílé wa níbí, rìákítọ̀ ìwádìí kékeré kan wà ní Zaria, ní Yunifásítì Ahmadu Bello, àwọn ará Ṣáínà ló ṣe é. Nǹkan bíi kìlógíráàmù kan yùréníọ́mù tó wà nínú rẹ̀ ju ìdá 90 lọ. Kò sẹ́ni tó fi bàálù halẹ̀ mọ́ ọn. Nàìjíríà, Amẹ́ríkà, Ṣáínà àti IAEA jókòó, wọ́n pèsè epo tuntun tó jẹ́ ìdá 13, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní 2018, wọ́n gbé ti tẹ́lẹ̀ sínú bàálù akẹ́rù padà sí Ṣáínà lóṣù kejìlá. Rìákítọ̀ náà ṣì ń ṣiṣẹ́.