Ẹ̀yìn Ẹṣin Ló Ti Wá: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìgbànú Piteado ti Colotlán

Ẹni tó bá ti wo fídíò àwọn olórin àríwá Mẹ́síkò rí, àwọn tí wọ́n ń tẹ akọ́díọ̀nù pẹ̀lú àkẹtẹ̀ ńlá lórí, á ti rí ìgbànú tó máa ń wà ní ìbàdí wọn. Ó fẹ̀, awọ rẹ̀ nípọn, okùn funfun tó ń dán díẹ̀ sì gba gbogbo ojú rẹ̀: òdòdó, orí ẹṣin, àkùkọ, lẹ́tà orúkọ ẹni tó ni ín. Ojú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lè rò pé ẹ̀rọ ló rán an, tàbí pé ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Ọwọ́ ni. Wọ́n á fi òlu lu ihò, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa okùn kọjá, wọ́n á tún lu òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Piteado ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, ìlú tí òkìkí rẹ̀ sì kàn jù nídìí rẹ̀ ni Colotlán, ìlú kékeré kan ní àríwá ìpínlẹ̀ Jalisco.

Ẹni tó bá ń wá orírun rẹ̀ ní ìbàdí ènìyàn kò ní rí i. Ẹ̀yìn ẹṣin ló ti wá, ọ̀rọ̀ fàdákà àti ogun ló sì gbé ẹṣin débẹ̀.

Ní 1546 ni wọ́n rí fàdákà ní Zacatecas, lórí ilẹ̀ gbígbẹ àríwá. Àwọn ará Spéènì rọ́ lọ síbẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ náà kò ní olúwa. Àwọn ẹ̀yà tí wọ́n pa pọ̀ pè ní Chichimeca kò gbà fún wọn. Láti 1550 títí di nǹkan bí 1590 ni wọ́n fi ń dènà de kẹ̀kẹ́ ẹrù lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń ta àwọn tó ń dà wọ́n lọ́fà. Ìjọba Spéènì ja ogun ogójì ọdún, apá wọn kò ká a. Ìgbà tó yá, wọ́n fi ìbọn sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹran, àgbàdo àti aṣọ bẹ àwọn ọlọ́fà náà. Balógun Miguel Caldera ló ṣe alárinà jù lọ níbẹ̀. Ará Spéènì ni bàbá rẹ̀, ọmọ Chichimeca ni ìyá rẹ̀, kò sí ìhà tí kò ní ìbátan.

Kí àlàáfíà náà má bàa bàjẹ́, ìjọba wá àwọn tí yóò lọ gbé láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ ogun, kí wọ́n máa dáko, kí wọ́n máa kọ́lé. Àwọn ará Tlaxcala, ìlú ọmọ onílẹ̀ kan ní àárín Mẹ́síkò, ni wọ́n lọ bá. Tlaxcala ló ti Cortés, balógun Spéènì, lẹ́yìn tó fi borí ìjọba Aztec tó jọba lé Mẹ́síkò lórí ní 1521, wọ́n sì ti mọ bí a ṣe ń bá Spéènì dúnàá-dúrà. Ní 1591, nǹkan bí 400 ìdílé gbéra lọ sí àríwá, apá kan wọn sì tẹ̀dó sí Colotlán. Wọn kò lọ lásán. Kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ ni wọ́n ti gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ aṣojú ọba: wọn kò ní san owó orí, ẹnikẹ́ni kò ní kó wọn ṣiṣẹ́ tipátipá, a ó kà wọ́n sí ọlọ́lá, wọ́n á máa gbé ohun ìjà, wọ́n á sì máa gun ẹṣin tó di gàárì.

Ti gàárì yìí gan-an ni kí ẹ fọkàn sí. Òfin ìgbà náà kò fún ọmọ onílẹ̀ ní àyè láti gun ẹṣin bó ṣe wù ú. Àwọn tó gba ilẹ̀ ló ni ẹṣin, ẹlẹ́sẹ̀ ni ìyókù. Ẹ wá wo ìlú kan tí ọmọ onílẹ̀ ti ní ìwé pé gàárì tọ́ sí òun. Èmi kò rò pé ó ṣeé ṣe kí irú ìlú bẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú gàárì.

Colotlán wá di ààlà tí àwọn jagunjagun ọmọ onílẹ̀ ń ṣọ́, àṣẹ ológun sì wà lórí rẹ̀ fún bí igba ọdún. Félix Calleja, tó padà di igbákejì ọba ní Mẹ́síkò, wá yẹ àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ wò ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ẹṣin tó ń ṣọ́ ààlà kò lè ṣe kó má ní gàárì, ìjánu àti ọ̀já. Ibi ìwakùsà náà ń fẹ́ awọ lójoojúmọ́: àpò awọ ni wọ́n fi ń ru òkúta fàdákà gòkè láti inú kòtò, awọ ni wọ́n fi ń fa omi, ọ̀rá màlúù ni wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là tí wọ́n ń tàn nísàlẹ̀ ilẹ̀. Nígbà tí fàdákà tún ya ní Bolaños, tí kò jìnnà sí Colotlán, ní àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọjà awọ tún gbéra sí i. Awọ kò wọ́n wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n gé.

Ní ti ọnà ara gàárì, àwọn ará Spéènì ló mú un wá, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ẹlẹ́ṣin àríwá Áfíríkà tó jọba lé wọn lórí fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni àwọn náà sì ti kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. (Láti àríwá Áfíríkà kan náà ni ohun èlò ẹṣin ti ń gba aṣálẹ̀ kọjá wá sí ilẹ̀ Haúsá, ọwọ́ òkè ni Ọ̀yọ́ sì ti rí ẹṣin tirẹ̀. Ẹlẹ́ṣin ló ń mọ ọjà ẹlẹ́ṣin.) Okùn fàdákà ni olówó Mẹ́síkò fi ń ṣọnà sí gàárì tirẹ̀. Ẹni tí kò lówó fàdákà náà fẹ́ kí ẹṣin òun dùn ún wò.

Okùn tí wọ́n wá ń lò ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí, nítorí kò hù ní Colotlán rárá. Ilẹ̀ òkè gbígbẹ ni Colotlán, ẹ̀gún ló kún ibẹ̀. Inú igbó kìjikìji gúúsù, ní Veracruz, Oaxaca àti Chiapas, ni pita, ewéko tí wọ́n ń fa okùn náà yọ lára ewé rẹ̀, ti ń hù, lábẹ́ ìbòòji igi ńlá. Aechmea magdalenae ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ọmọ ìyá ọ̀pẹ̀yìnbó ni, ẹ̀gún sì wà ní etí ewé rẹ̀ bíi ti ọ̀pẹ̀yìnbó, àmọ́ ewé tirẹ̀ lè gùn ju mítà méjì lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé ara igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi ń pọn ọtí tẹ̀kílà ni okùn náà ti ń wá, torí pé orúkọ kan náà ni wọ́n máa ń pe fọ́nrán àwọn méjèèjì. Kì í ṣe é. Fọ́nrán tiyẹn le, ó sì ń gún ọwọ́. Ti pita rọ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń dán.

Wọ́n á gé ewé náà, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí pákó, wọ́n á máa fi abẹ ha ẹran ewé náà kúrò títí tí fọ́nrán nìkan yóò fi kù. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sóòrùn kó lè funfun. Okùn yìí kì í tètè já, omi kì í sì í tètè jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn apẹja fi ń lò ó, tí àwọn aránbàtà náà sì ń lò ó. Lójú tèmi, bó ṣe wọlé tọ àwọn onígàárì nìyẹn: agbára rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rà, kí gàárì má baà tú lábẹ́ ẹlẹ́ṣin. Ẹni tó bá sì ń fi okùn funfun rán awọ pupa lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ á rí i pé ojú ìrán náà lẹ́wà, ọwọ́ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kọjá ibi tí ìrán pọn dandan dé.

Nígbà tí pita bá dé Colotlán, lẹ́yìn ìrìn nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà, wọ́n á yà á, wọ́n á ṣa èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ sọ́tọ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ lọ́ ọ lórí itan di okùn. Ẹnì kan á ya ọnà sórí awọ. Ẹni tó ń rán an á gbé e sórí orúnkún, á máa fi òlu ṣíwájú, abẹ́rẹ́ á máa tẹ̀ lé e. Okùn gbọ́dọ̀ fara ti okùn débi pé awọ kò ní hàn láàárín, kí ọnà náà sì ga díẹ̀ tí ọwọ́ bá kàn án. Wọ́n á wá fi awọ mìíràn bo ẹ̀yìn rẹ̀ kí kókó okùn má hàn. Ìgbànú kan ṣoṣo lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Tí ọnà rẹ̀ bá díjú, ó di oṣù. Lára ọnà tí àwọn olóko ẹran máa ń béèrè ni àmì tí wọ́n fi irin gbígbóná tẹ̀ sára màlúù wọn, kí ìgbànú àti agbo ẹran lè jẹ́ orúkọ kan náà.

Gàárì ló kọ́kọ́ lọ sílẹ̀. Ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1910 fọ́ àwọn oko ńlá túútúú, ọkọ̀ akẹ́rù sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin. Àwọn ẹlẹ́ṣin tó ṣẹ́ kù kóra jọ sínú ẹgbẹ́ ní 1921, wọ́n sọ ìṣe wọn di eré ìdárayá tí wọ́n ń pè ní charrería, èyí tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà àti ẹ̀kọ́, fi sára ogún àṣà aráyé ní 2016. Eré náà ṣì ń fẹ́ gàárì, ṣùgbọ́n mélòó ni yóò ra gàárì ẹlẹ́ṣọ̀ọ́ láàárín ìlú? Ìgbànú kéré, ó ṣeé wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti òde ìgbéyàwó, ọnà kan náà sì ló wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ agbègbè náà ló ti lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Tí wọ́n bá wálé ọdún, ìgbànú ni ẹ̀rí pé nǹkan ṣẹnuure. Bàtà, àpò obìnrin, àpò owó àti ọ̀já àkẹtẹ̀ tẹ̀ lé e.

Àwọn oníṣòwò oògùn olóró náà fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì bà á lórúkọ jẹ́ débi pé àwọn kan ń wo ẹni tó wọ̀ ọ́ tìfura-tìfura. Èyí dùn mí fún àwọn tó ń rán an, nítorí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin tó ń ṣe é láàárín iṣẹ́ ilé, tàbí ẹlẹ́wọ̀n tó ń fi rán owó sílé láti inú ọgbà. Kò sí ẹni tó ń kọ orúkọ tiwọn sára ìgbànú.

Bí ìgbànú náà ṣe ń tà, pita bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, àwọn ará abúlé kan ní Oaxaca àti Chiapas sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín fúnra wọn lábẹ́ igi, dípò kí wọ́n máa wá a kiri inú igbó. Òwú lásán àti okùn ike náà ti dé ọjà, ẹ̀rọ ń rán irú rẹ̀ ní wéré, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Láti ọ̀kánkán, wọ́n jọra. Ẹni tó mọ ọjà á kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò kan ojú rẹ̀ wò, kó tó béèrè iye.